Orí Karùn-ún: Agbaṣẹ́ṣe, Orúkọ Òwò àti Owó-Orí ní Agbègbè Èjìgbò

Agbaṣẹ́ṣe, tí ẹnu ìgboro ń pè ní kọngílá, ni ẹni tí kò sí lábẹ́ ọ̀gá kankan, tí ó ń gba iṣẹ́, tí ó ń dá iye lé e, tí ó ń fi irinṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe é, tí èrè rẹ̀ jẹ́ tirẹ̀, tí àdánù rẹ̀ náà sì jẹ́ tirẹ̀. Ní Èjìgbò àti àwọn ìlú tó yí i ká bí Ìfẹ̀-Ọ̀dàn, Ọlá, Ìlawó àti Máṣífà, wọn kò lóǹkà: bíríkìlà, káfíńtà, wẹ́dà, télọ̀, ẹni tó ń fa iná sólà, ẹni tó ń tẹ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tí ọgbà wọn wà nínú ìlú náà, títí dé orí ọ̀dọ́ tó ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní yàrá rẹ̀ tí oníbàárà rẹ̀ wà ní Lọ́ńdọ̀n. Iṣẹ́ wọn kò jọra rárá. Síbẹ̀, ìbéèrè méjì kan náà ló dojú kọ gbogbo wọn: orúkọ wo ni iṣẹ́ náà ń jẹ́ lójú òfin, èló sì ni owó-orí tó tọ́ sí i, lọ́wọ́ ìjọba wo?

Ọ̀rọ̀ náà "owó-orí" fúnra rẹ̀ lè ṣi ènìyàn lọ́nà. Nígbà tí ìjọba amúnisìn abẹ́ Lugard mú un wọ ilẹ̀ Yorùbá láàrin 1916 sí 1918, orí ọkùnrin tó ti dàgbà ni wọ́n máa ń kà ní abúlé, kì í ṣe àpò rẹ̀. Irú ìkàyé bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó bí ìjà àwọn àgbẹ̀ tí a mọ̀ sí Àgbẹ̀kọ̀yà ní 1968 àti 1969, tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi sọ owó náà kalẹ̀ sí £2 lọ́dún. Orúkọ náà kò yí padà, ṣùgbọ́n ohun tí à ń kà ti yí padà pátápátá. Èrè ni òfin òde òní ń kà. Ẹni tó ṣiṣẹ́ lọ́dún kan tí kò jèrè, kò jẹ ìjọba ní owó-orí lórí iṣẹ́ náà. Ẹni tí owó ńlá gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ohun èlò, lórí ìyókù tó kù sí i lọ́wọ́ ni yóò san. Láti mọ ìyókù yẹn, ó gbọ́dọ̀ ní àkọsílẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ agbaṣẹ́ṣe ti ń pàdánù.

Òṣìṣẹ́ ni àbí agbaṣẹ́ṣe?

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí wọ́n ń pè ní kọngílá ni kọngílá. Òfin kì í wo orúkọ tí àwọn méjèèjì fi pe àdéhùn wọn. Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ gan-an ni ó ń wò. Olùkọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ń sanwó fún ní òpin oṣù, tí wọ́n ti dá aago tí yóò dé fún un, tí kò lè rán àbúrò rẹ̀ lọ kọ́ àwọn ọmọ lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ kò bá yá, òṣìṣẹ́ ni, kódà bí ìwé àdéhùn rẹ̀ bá pè é ní agbaṣẹ́ṣe. Agbanisíṣẹ́ ni ó ní láti máa yọ owó-orí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lóṣooṣù kí ó sì fi ránṣẹ́ sí ìjọba, ètò tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí PAYE. Káfíńtà tó gba iṣẹ́ ogójì àga fún ilé-ẹ̀kọ́ kan náà ńkọ́? Òun ló ra pákó, òun ló mú ẹ̀rọ wá, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló bá a ṣe é, bí ẹsẹ̀ àga bá sì yẹ̀, yóò tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Agbaṣẹ́ṣe pọ́ńbélé nìyẹn. Àwọn agbanisíṣẹ́ kan fẹ́ràn láti máa pe òṣìṣẹ́ wọn ní kọngílá kí wọ́n lè bọ́ lọ́wọ́ PAYE àti owó ìfẹ̀yìntì. Bí ọ̀rọ̀ bá dé ilé ẹjọ́, orúkọ lásán kì í gbà wọ́n sílẹ̀.

Orúkọ tí iṣẹ́ ń jẹ́

Èyí tó rọrùn jù ni kí ènìyàn máa fi orúkọ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́. Òfin tó ń darí ilé-iṣẹ́ ní Nàìjíríà, CAMA ti 2020, tí Ààrẹ buwọ́ lù ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ ọdún náà, kò fi dandan lé e pé kí ẹni tó ń fi orúkọ àbísọ àti orúkọ ìdílé rẹ̀ nìkan ṣòwò lọ forúkọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ní kété tó bá ti fi nǹkan mìíràn kún un, ìbáà jẹ́ "Fashion", ìbáà jẹ́ "Furniture", ìbáà jẹ́ "àti Àwọn Ọmọ", ó ti di orúkọ òwò, ó sì gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé àjọ Corporate Affairs Commission, ìyẹn CAC. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀ báyìí. Ní 2024, àjọ náà pàṣẹ pé kí gbogbo àwọn tó ń fi ẹ̀rọ POS sanwó fún ènìyàn forúkọ sílẹ̀. Ọjọ́ 7 oṣù Keje ni wọ́n kọ́kọ́ dá, kí wọ́n tó sún un sí ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án. Àṣẹ yẹn ló kọ́kọ́ mú kí ọ̀pọ̀ oníṣòwò kékeré mọ̀ pé ọ̀rọ̀ CAC kan àwọn náà.

Ohun kékeré kan wà níbí tó máa ń dá wàhálà sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Ọ̀pọ̀ agbaṣẹ́ṣe kì í fúnra wọn ṣe ìforúkọsílẹ̀ náà. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń sanwó fún. Bí onítọ̀hún bá fi ímeèlì àti nọ́ńbà fóònù ti ara rẹ̀ ṣe é, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo ìkìlọ̀ àti ìwé àjọ náà yóò máa lọ, ọwọ́ rẹ̀ sì ni kọ́kọ́rọ́ orúkọ náà yóò wà. Ímeèlì ẹni tó ni òwò ló yẹ kí ó wà níbẹ̀.

Orúkọ òwò ń jẹ́ kí ènìyàn lè ṣí àkáǹtì báǹkì ní orúkọ iṣẹ́ rẹ̀, kí ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ìjọba ìbílẹ̀ sì lè kọ ìwé iṣẹ́ fún un. Kò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò ya oníṣẹ́ kúrò lára iṣẹ́ rẹ̀. Bí okùn tí onísólà fà bá jó ilé oníbàárà, ọ̀kadà rẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ àti owó tó wà ní àkáǹtì ara rẹ̀ ni ilé ẹjọ́ lè gbé ẹsẹ̀ lé. Bí ó bá kú, òwò náà kú pẹ̀lú rẹ̀: irinṣẹ́ àti gbèsè tí àwọn oníbàárà jẹ ẹ́ di ogún tí àwọn ọmọ yóò pín, ẹnikẹ́ni tó bá sì fẹ́ máa bá iṣẹ́ náà lọ ní láti tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kọ́ńpìnnì yàtọ̀. Ènìyàn ni kọ́ńpìnnì lójú òfin: ó lè ra ilẹ̀, ó lè jẹ gbèsè, ó lè pe ènìyàn lẹ́jọ́, ikú ẹni tó dá a sílẹ̀ kì í sì í pa á. Kí CAMA 2020 tó dé, ó kéré tán, ènìyàn méjì ló gbọ́dọ̀ wà nídìí kọ́ńpìnnì aládàáni. Òfin tuntun náà gbà kí ẹnì kan ṣoṣo dá a sílẹ̀, pẹ̀lú ìpín tí iye rẹ̀ kò dín ní ₦100,000. Bí kọ́ńpìnnì náà bá wọko gbèsè, ìpín tí olówó rẹ̀ rà ni àdánù rẹ̀ mọ, àfi bí ó bá ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe onídùúró fún gbèsè náà. Àwọn báǹkì mọ èyí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń béèrè ìdúró bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó yá kọ́ńpìnnì kékeré lówó. Bákan náà, ẹni tó fi àìbìkítà ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ẹlòmíràn léṣe kò lè sá sẹ́yìn kọ́ńpìnnì.

Bí ènìyàn méjì bá pawọ́ pọ̀, wọ́n lè fi orúkọ òwò kan ṣoṣo ṣiṣẹ́. Ohun tó ń tú irú àjọṣe bẹ́ẹ̀ ká ní agbègbè yìí kì í sábà jẹ́ òfin. Àìkọ ìwé ni. Ta ló mú irinṣẹ́ wá, báwo ni a ó ṣe pín èrè, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí ọ̀kan bá lọ sí Àbíjàn ní Côte d'Ivoire tí kò tètè padà? Ojú ewé kan péré ti tó láti dáhùn wọn, bí àwọn méjèèjì bá buwọ́ lù ú kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ní ti owó-orí, kálukú ń san ti ìpín èrè tirẹ̀.

Ìjọba wo ló ni owó-orí náà?

Owó-orí ẹni kọ̀ọ̀kan, ti ìjọba ìpínlẹ̀ ni. Owó-orí kọ́ńpìnnì àti VAT, ìyẹn owó-orí orí ọjà àti iṣẹ́, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Agbaṣẹ́ṣe tó ń fi orúkọ ara rẹ̀ tàbí orúkọ òwò ṣiṣẹ́ ní Èjìgbò, ọ̀dọ̀ àjọ agbowó-orí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tí olú-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Òṣogbo ni yóò ti san án. Ibi tí ènìyàn ń gbé ni òfin ń wò, kì í ṣe ibi tó ti ṣiṣẹ́. Èjìgbò wà lágbedeméjì Ìwó, Ẹdẹ àti Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ nìkan ló sì wọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Bíríkìlà tó ń gbé ní Ìfẹ̀-Ọ̀dàn tó ń lọ kọ́lé ní Ògbómọ̀ṣọ́ láàárọ̀ tó sì ń padà wálé lálẹ́, Ọ̀ṣun ló ni owó-orí rẹ̀. Kí ó tọ́jú ìwé tó fi san án, nítorí ẹni tó bá béèrè ní ibi iṣẹ́ kò mọ ilé rẹ̀.

Owó ṣọ́ọ̀bù àti owó ọjà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ń gbà jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Òfin tó to owó-orí àti àwọn owó mìíràn tí ìjọba ń gbà lẹ́sẹẹsẹ fún ìpele ìjọba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní 1998 fi owó ṣọ́ọ̀bù àti ìsọ̀ sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Rìsíìtì rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí pé ènìyàn ti san owó-orí èrè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wà lára ìnáwó iṣẹ́ tí a lè yọ kúrò nínú owó tó wọlé.

Ọ̀rọ̀ Àbíjàn gba àlàyé púpọ̀ ju èyí lọ, nítorí pé kò sí ìlú Yorùbá tí ọ̀nà Côte d'Ivoire mọ́ lára bí Èjìgbò. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ní ẹsẹ̀ kan níbẹ̀ àti ẹsẹ̀ kan nílé, owó CFA sì jẹ́ ohun tí àwọn oníṣòwò ìlú náà mọ̀ dáadáa. Lábẹ́ òfin Nàìjíríà, ẹni tó bá jẹ́ olùgbé orílẹ̀-èdè yìí ń san owó-orí lórí gbogbo èrè rẹ̀, ibi yòówù tí ó ti wá. Ẹni tó bá lo ọjọ́ 183 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Nàìjíríà láàrin oṣù méjìlá, olùgbé ni. Òfin owó-orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2026 sì tún ń wo ibi tí ilé àti ẹbí ènìyàn fìdí múlẹ̀ sí, kì í ṣe ọjọ́ nìkan. Nítorí náà, télọ̀ tó ń lọ rán aṣọ ní Àbíjàn fún oṣù mẹ́ta kó tó padà sọ́dọ̀ aya àti ọmọ rẹ̀ ní Èjìgbò kò kúrò ní ẹni tí Ọ̀ṣun ń retí. Ní ìhà kejì ẹ̀wẹ̀, ẹni tó fìdí kalẹ̀ sí Àbíjàn wà lábẹ́ òfin ibẹ̀. Côte d'Ivoire jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ OHADA, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń lo òfin òwò kan náà, tí Nàìjíríà kò sí nínú rẹ̀. Inú ìwé tí wọ́n ń pè ní RCCM ni oníṣòwò ti ń forúkọ sílẹ̀, láti 2010 sì ni OHADA ti dá ipò "entreprenant" sílẹ̀ fún oníṣẹ́ kékeré tí kò ní agbára ìforúkọsílẹ̀ kíkún. Ìwé CAC kò gba ènìyàn ní Àbíjàn, bẹ́ẹ̀ ni RCCM kò gba ènìyàn ní Òṣogbo.

Owó tí ẹ̀gbọ́n fi ránṣẹ́ láti Àbíjàn fún oúnjẹ tàbí owó ilé-ẹ̀kọ́ kì í ṣe èrè iṣẹ́. Ariwo tó gba ìgboro nígbà tí òfin owó-orí tuntun náà ń bọ̀, pé gbogbo owó tó bá wọ àkáǹtì ni ìjọba yóò gé, kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí owó ẹ̀gbọ́n àti owó oníbàárà bá ń wọ àkáǹtì kan náà láìsí àlàyé, ẹni tó ni àkáǹtì ni yóò ṣe wàhálà láti yà wọ́n sọ́tọ̀. Àkáǹtì méjì, kódà bí ọ̀kan bá jẹ́ ti OPay tí èkejì jẹ́ ti Moniepoint, ló yanjú èyí láìná kọ́bọ̀.

Bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀

Ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà 2025 ni Ààrẹ Bola Tinubu buwọ́ lu àwọn òfin owó-orí mẹ́rin tuntun, tí èyí tó kan ìṣirò nínú wọn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2026. Lábẹ́ òfin náà, ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú èrè ọdún kan kò ní owó-orí. ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e, 15 nínú 100. ₦9,000,000 tó tún tẹ̀ lé e, 18 nínú 100. Lẹ́yìn náà ni ó ń gòkè sí 21, 23, títí dé 25 nínú 100 lórí ohun tó bá ju ₦50,000,000 lọ. Ẹni tó ń gbé ilé olówó lè yọ ìdá kan nínú márùn-ún owó ilé tó san lọ́dún, kí ó má ṣáà ti ju ₦500,000 lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo onísólà kan tó ń fi orúkọ òwò ṣiṣẹ́ ní Èjìgbò. Ní ọdún 2026, ₦4,200,000 ni àwọn oníbàárà san fún un. Wáyà, bàtìrì kékeré, ọkọ̀, owó ọmọ iṣẹ́ àti owó ṣọ́ọ̀bù gba ₦1,400,000, rìsíìtì gbogbo rẹ̀ sì wà. Èrè rẹ̀ jẹ́ ₦2,800,000. Ó san ₦150,000 fún ilé tó ń gbé. Ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ jẹ́ ₦30,000. Ohun tí a ó ṣírò lé lórí wá jẹ́ ₦2,770,000. A yọ ₦800,000 kúrò, ó ku ₦1,970,000. 15 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ ₦295,500. Ìyẹn ni owó-orí rẹ̀. Lábẹ́ òfin àtijọ́ tó ní ìpele mẹ́fà láti 7 dé 24 nínú 100, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda tí òfin yẹn ń fún ẹni gbogbo, èrè kan náà ì bá gba ₦316,400.

Ká ní onísólà náà kò ní rìsíìtì kankan. Agbowó-orí lè sọ pé ₦4,200,000 tó hàn ní báǹkì ni èrè rẹ̀. Owó-orí yóò fò sí ₦546,000. Ìyàtọ̀ méjèèjì jẹ́ ₦250,500, ìwé tí wọ́n jù nù ló sì fà á. Àwọn tó ń ta ohun èlò ní ọjà kì í sábà kọ rìsíìtì bí a kò bá béèrè. Kí a ní ìwé tí ẹni tó tajà lè buwọ́ lù lọ́wọ́ ń dí àlàfo yìí. Ọdún mẹ́fà ló yẹ kí a fi pa wọ́n mọ́. Ẹ̀rọ ńlá tí yóò lò fún ọ̀pọ̀ ọdún, bíi jẹnẹrétọ̀, kò sí lára ìnáwó ọdún kan ṣoṣo. A máa ń pín iye rẹ̀ sórí àwọn ọdún tó bá fi ṣiṣẹ́. Owó tí oníbàárà bá san fún un láti òkè òkun ní dọ́là tàbí tí ó gbà ní CFA, iye náírà rẹ̀ lọ́jọ́ tó wọlé ni kí ó kọ sílẹ̀.

Owó tí oníbàárà yọ sílẹ̀

Bí iléeṣẹ́ ńlá, ilé-ẹ̀kọ́ gíga tàbí ìjọba bá gbé iṣẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe, owó tó máa ń dé kì í pé. Wọ́n á ti yọ díẹ̀ níbẹ̀, 2 nínú 100 fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ àti ìkọ́lé, 5 nínú 100 fún iṣẹ́ ìmọ̀ràn àti iṣẹ́ àwọn amọṣẹ́dunjú. Ẹni tí kò ní nọ́ńbà owó-orí, ìlọ́po méjì ni wọ́n ń yọ lára tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń kà á sí owó tó ṣègbé. Kò ṣègbé: owó-orí tí a ti san sílẹ̀ ni. Bí onísólà òkè yẹn bá ṣe iṣẹ́ ₦1,500,000 fún irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ tí wọ́n yọ ₦30,000, ₦265,500 ló kù fún un láti san ní òpin ọdún, bí ó bá ti gba ìwé ẹ̀rí pé wọ́n yọ ọ́. Ní ọjọ́ tí owó wọlé ni kí ó béèrè ìwé náà, kì í ṣe lọ́dún kejì tí akọ̀wé tó mọ̀ nípa rẹ̀ ti kúrò.

VAT, tó jẹ́ 7.5 nínú 100 láti ọjọ́ 1 oṣù Kejì 2020, kò kan ọ̀pọ̀ agbaṣẹ́ṣe agbègbè yìí: òwò kékeré tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò ju ₦100,000,000 lọ kò ní láti máa gbà á lọ́wọ́ oníbàárà. Ẹni tó bá kọ VAT sórí ìwé owó iṣẹ́ rẹ̀ kí ó lè jọ ilé-iṣẹ́ ńlá ti gba owó ìjọba sọ́wọ́, ó sì gbọ́dọ̀ san án.

Kọ́ńpìnnì tàbí orúkọ òwò?

Kọ́ńpìnnì tí owó tó ń wọlé fún un kò ju ₦100,000,000 lọ, tí dúkìá rẹ̀ kò sì ju ₦250,000,000 lọ, kì í san owó-orí kọ́ńpìnnì, àwọn tó kọjá bẹ́ẹ̀ sì ń san 30 nínú 100. Àwọn kan gbọ́ èyí, wọ́n sì sáré dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀ kí wọ́n má baà san owó-orí mọ́. Ìṣirò wọn kò pé. Kọ́ńpìnnì ló gba ìdáǹdè, kì í ṣe ẹni tó ni ín. Bí onísólà náà bá gba ₦2,800,000 lọ́wọ́ kọ́ńpìnnì rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó oṣù, ₦295,500 kan náà ni yóò san, àfi pé PAYE ni a ó máa pè é. Èrè tó bá pín fún ara rẹ̀ náà kò lọ láìsí àyọsílẹ̀. Ìdáǹdè náà wúlò fún ẹni tó ń fi èrè sílẹ̀ nínú òwò kí ó lè ra irinṣẹ́ sí i. Kò sì kan kọ́ńpìnnì tó ń ṣe iṣẹ́ amọṣẹ́dunjú, irú bí iṣẹ́ agbẹjọ́rò tàbí aṣírò-owó.

Fún bíríkìlà, télọ̀ tàbí wẹ́dà tí àwọn oníbàárà rẹ̀ jẹ́ ará ìlú, orúkọ òwò tó. Ohun tó yẹ kó sún ènìyàn dé ìdí kọ́ńpìnnì ni ewu iṣẹ́ náà, bíi ti ẹni tó ń kọ́lé alájà tàbí tó ń fa iná ńlá. Ó tún lè jẹ́ oníbàárà tí kì í gbé iṣẹ́ fún ẹni tí kì í ṣe kọ́ńpìnnì. Tàbí kí ó jẹ́ ìfẹ́ pé kí òwò náà kọjá ọjọ́ ayé ẹni tó dá a sílẹ̀. Iye owó-orí ló kẹ́yìn nínú ìdí wọ̀nyí.

Ọjọ́ tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé

Ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ni òpin fún agbaṣẹ́ṣe láti kọ èrè ọdún tó kọjá sílẹ̀ fún àjọ agbowó-orí ìpínlẹ̀, ìbáà jèrè tàbí kò jèrè. NIN ẹni náà, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ orílẹ̀-èdè rẹ̀, ló ń dúró gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà owó-orí rẹ̀ báyìí. Ti kọ́ńpìnnì ni nọ́ńbà tí CAC fún un. Ẹni tí kò bá kọ ọ́ sílẹ̀ lè san ìtanràn ₦100,000 fún oṣù àkọ́kọ́ àti ₦50,000 fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó tẹ̀ lé e, èyí tó lè ju owó-orí gan-an lọ fún oníṣẹ́ kékeré. Ẹni tó bá ń kọ ọ́ déédéé ni ó lè gba ìwé ẹ̀rí owó-orí ọdún mẹ́ta, tí ìjọba máa ń béèrè kí ó tó gbé iṣẹ́ síta.

CAC ní tirẹ̀ ń retí ìròyìn ọdọọdún lórí orúkọ òwò, kí oṣù Kẹfà tó parí. Kò jọ owó-orí rárá; sísan ọ̀kan kò dípò òmíràn. Agbaṣẹ́ṣe tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, tó bá kó lọ sí Àbíjàn pátápátá, tàbí tó sọ orúkọ òwò rẹ̀ di kọ́ńpìnnì, ní láti sọ fún CAC pé orúkọ ti tẹ́lẹ̀ ti parí iṣẹ́, kí ó sì kọ ìwé sí àjọ agbowó-orí ní Òṣogbo kí wọ́n lè ti fáìlì rẹ̀.